Kí Ni Bàtà Mátírọ́ọ̀nù Sọ?

Láti ẹnu géètì ni mo ti máa ń mọ̀ bóyá Ọjọ́bọ̀ máa dùn tàbí kò ní dùn. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí mo dúró, tí mo tẹ́tí, tí n kò gbọ́ nǹkan kan ju tírélà sìmẹ́ńtì tó ń bọ̀ láti Ìbèṣè lọ, mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń tòògbé nínú lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, háà! Bí mo bá gbọ́ tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ń dún gbì-gbì-gbì, tí àwo irin ń dá a lóhùn, ẹsẹ̀ arúgbó yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í yá ju bó ti yẹ lọ. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì á ní, "Bàbá, ẹ rọra o, orin ò ní tán." Èmi á ní, "Ìwọ lo mọ̀. Wọ́n ń retí ègbè."

Ilé ìwòsàn àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá fínra ni mò ń sọ yìí, lápá Ìlaròó wa níbí. Wọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ni mo máa ń lọ, níbi tí àwọn tó ti pẹ́ ń gbé, tí ẹbí àwọn mìíràn nínú wọn ti dẹ́kun àtimáa bẹ̀ wọ́n wò. Àbúrò mi wà níbẹ̀. Ọmọ ìyá mi ni, ẹ̀yìn mi ló sì máa ń sùn sí nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko. Dírẹ́bà ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é, nítorí awakọ̀ ni kí àìsàn tó dé. Ó ń kó àgbàdo láti Ìhùnbọ̀ lọ sí ẹnubodè, ó ń fi Faransé tí kò kọ́ nílé ìwé bá àwọn ará òdìkejì dúnàá dúrà. Títí di òní, bí mo bá dé, kì í kí mi ní "Ẹ káàsán." Á ní, "Bọ̀njúù, ẹ̀gbọ́n mi," á sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ti àìsàn náà, ká lè jọ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí. Ohùn ló ń gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ó páàkì ọkọ̀ tòun ti ẹrù sẹ́bàá ọ̀nà, ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń bá ẹni tí a kò rí jiyàn lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń wọ ilé ìwòsàn tó ń jáde, títí wíwọlé fi pọ̀ ju jíjáde lọ. Ìgbà tó jáde kẹ́yìn, ọ̀dọ̀ mi ní Ayétòrò ló wà. Ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a ò mọ̀ pé ẹ̀yìn àmù ló ń ju oògùn sí dípò kó gbé e mì. Orin ni àìsàn fi bẹ̀rẹ̀ padà. Ó kọ ọ́ láàárọ̀, ó kọ ọ́ lọ́sàn-án. A ní kó wá jẹun, ó ń kọrin. A ní ó tó gẹ́ẹ́, kò gbọ́. Orin náà ló kọ jáde nílé, òun ló kọ dé ojú títì tí àwọn tírélà ń gbà; àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè mọ́ ọn, òun náà ń bá fèrè kọ ọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọrin nínú ilé wa mọ́, títí kan èmi alára nínú balùwẹ̀.

Ẹ wá wo ojú mi nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé wọ́n ti gba ẹnì kan tí yóò máa fi orin ṣe ìtọ́jú fún wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé bẹntiróò lẹ fẹ́ fi pa iná ni?"

Ọ̀dọ́mọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó gbé kíbọ́ọ̀dù kọ́ ẹ̀yìn bí ẹni pọnmọ. Àǹtí Olórin ni àwọn aláìsàn sọ ọ́. Kò bínú sí ọ̀rọ̀ mi. Ó ní, "Bàbá, orin ò lè gba ipò oògùn. Oògùn ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ níbí, wọ́n á jí i, á jí. Wọ́n á gbé oúnjẹ fún un, á jẹ. Wọ́n á ní sùn, á sùn. Ta ló tún ń bi í pé kí lo fẹ́? Ta ló ń dúró gbọ́ tẹnu ẹ̀? Èmi, mo máa ń dúró."

Òótọ́ sì ni, ó máa ń dúró. Á tẹ kíbọ́ọ̀dù díẹ̀, á dáwọ́ dúró, á máa wo ojú wọn bí ẹni ń retí àlejò. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ò rọrùn. Orin tútù bí omi àmù ló ń kọ, oògùn sì ti mú ojú wọn wúwo, nítorí náà bí orin ti ń lọ ni orí ń tẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ là ni ìyá àgbàlagbà kan láti apá àwọn obìnrin, tó ti ṣe tíṣà rí. Ìyá Tíṣà là ń pè é, òun ló máa ń fi ṣíbí lu àwo irin, kì í sì í lù ú lásán, á máa bá wọn wí: "Ẹ ya ẹnu! Kíláàsì yìí ti ya ọ̀lẹ jù!" Àbúrò mi á jókòó sí ìkángun bẹ́ńṣì, á ká apá mọ́ àyà. Kì í la ẹnu. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù orin ń bà á. Ó ń ba èmi náà.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Olórin kàn yíjú sí mi.

"Bàbá, ẹ kì í pa Ọjọ́bọ̀ kan jẹ, ẹ kàn ń wò wá bí ẹni ń wo sinimá. Orin wo lẹ̀ ń kọ nílé yín nígbà tí ẹ wà léwe?"

Mo ní, "Èmi? Ohùn mi dàbí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ègbè lásán ni mo máa ń gbè nínú ẹ̀fẹ̀."

"Ẹ̀fẹ̀ bí àwàdà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọmọ ibòmíràn ni. Mo ṣàlàyé fún un pé ní ilẹ̀ Yewa tiwa, ẹ̀fẹ̀ kọjá àwàdà. Orin ni, ó sì ní òfin. Bí ọdún bá kò, olórin á jáde, á kọ́kọ́ júbà fún àwọn àgbà àti àwọn ìyá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tí kò lè fi kọrin: baálẹ̀ tó ṣahun, ọkùnrin tó ń na ìyàwó rẹ̀, olówó tó ń fi owó rẹ̀ rẹ́ aráàlú jẹ. Ẹni tí wọ́n fi kọrin kò gbọdọ̀ bínú. Bó bá bínú, a jẹ́ pé wọ́n á tún un kọ lọ́dún tó ń bọ̀ ni, á sì gùn ju tàkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n okùn wà lọ́rùn olórin náà. Kò gbọdọ̀ ṣépè. Kò gbọdọ̀ fi ẹni tó bú sílẹ̀ láìsọ ohun rere kan nípa rẹ̀ tàbí kó súre fún un, kó tó parí. Kò sì gbọdọ̀ kọrin kọjá ègbè. Ègbè ló ni orin. Bí ègbè bá pa ẹnu dé, olórin ti ṣe tán nìyẹn, ì báà jẹ́ ibi tó dùn jù lọ ló dé.

Mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ohùn kan ti ìkángun bẹ́ńṣì wá. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á kúnlẹ̀ kí wọ́n tó júbà."

Àbúrò mi ni. Ó ti tú apá ká. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó kí Ìyá Tíṣà, ó kí mi, ó kí Àǹtí Olórin. Ó wo ibi tí wọ́n kó àwo oúnjẹ ọ̀sán jọ sí, ó sì gbé e:

"Ẹ̀wà ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, mo wá kí ọ o!"

Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. "A kí ọ o, ẹ̀wà!"

"Ẹ̀wà tó wẹ̀ lódò, tí kò rí epo fi para!"

"A kí ọ o, ẹ̀wà!"

"Òkúta inú rẹ ló mọ eyín mi lórúkọ, ó kí tòkè, ó kí tìsàlẹ̀!"

Yéè! Ẹ ò rí wọ́ọ̀dù yẹn lọ́jọ́ náà! Ẹni tó ń sùn jí. Ẹni tó ti pẹ́ tí kò la ẹnu sọ̀rọ̀ ń fi ọwọ́ lu itan. Ọkùnrin kan fa bọ́kẹ́ẹ̀tì ìfọṣọ yọ, ó dojú rẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ìyá Tíṣà dìde, ó ń fi ṣíbí tọ́ ègbè sọ́nà, "Lẹ́ẹ̀kan sí i! Gbogbo kíláàsì!" Àǹtí Olórin gbàgbé kíbọ́ọ̀dù, ó ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọ kékeré. Nígbà tó rẹ àwa ègbè, tí a dákẹ́, àbúrò mi náà dákẹ́. Ó gbàdúrà fún alásè pé kí ọwọ́ rẹ̀ má rọ, ó sì jókòó. Òógùn bò ó. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo ṣe dáadáa?" Mo fi etí aṣọ mi nu òógùn ojú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, epo wà nínú ẹ̀wà. Ìyá Tíṣà gbé àwo rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Ó ní, "Orin kan ṣoṣo, epo dé! Dírẹ́bà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Fi ẹran kọrin!"

Bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ ṣe di ọdún kékeré fún wa. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ tó máa ń yọ awò ojú kó tó sọ̀rọ̀, pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní àbúrò mi ń gbé oògùn rẹ̀ mì láìsí pé wọ́n ń ṣọ́ ọ, ó ń bá ẹni sọ̀rọ̀, ó ń wo ojú ẹni. "Bàbá, bó bá ń lọ báyìí títí di ọjọ́ àlejò, tí gbogbo ẹbí máa ń wá, mo máa jẹ́ kó bá yín lọ sílé."

Sílé! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fo. Mo ra ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run, mo fi kun yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí ó gbẹ, mo lọ jẹun, ewúrẹ́ wa wọlé, ó fi ara ha ògiri láti ìgun dé ìgun. Nígbà tí mo padà dé, ìlà ewúrẹ́ wà lára ògiri, ẹ̀gbẹ́ kan ewúrẹ́ sì ti di ojú ọ̀run. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi nígbà tí mo lọ wò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bùn lẹ fún mi yẹn o. Mo máa tọ́jú ẹ̀." Mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ wá bà jẹ́ lórí bàtà.

Mátírọ́ọ̀nù ló ń ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù náà. Ará apá Oǹdó lọ́hùn-ún ni, obìnrin tó dúró ṣinṣin, tí bàtà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé: kò-kò-kà, kò-kò-kà lórí sìmẹ́ńtì. Bí bàtà yẹn bá ti ń bọ̀, wọ́ọ̀dù á tò. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń kọjá lọ nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́. Àbúrò mi rí i. Ó kúnlẹ̀, ó júbà, ó gbé e:

"Bàtà kan ń bọ̀, ẹ tún aṣọ yín ṣe!"

"Kò-kò-kà, ó ti dé!"

"Ẹni tó sùn dìde, ẹni tí kò sùn ń hanrun!"

"Kò-kò-kà, ó ti dé!"

"Oògùn tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ó gbọ́ bàtà yìí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́!"

Ẹ̀rín sọ. Bí a sì ti máa ń ṣe nínú ẹ̀fẹ̀ la ṣe: gbogbo wa yíjú sí ẹni tí orin bá, a nawọ́ sí i, a ń rẹ́rìn-ín sí i lójú. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀wọ̀ ni. A kì í fi ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kọ ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí pé obìnrin yìí kì í ṣe ará ilé wa. Ohun tí òun rí ni pé gbogbo wọ́ọ̀dù ń nawọ́ sí òun, tí ẹni tí orin fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọ abẹ́ tírélà níjelòó sì dúró láàárín wọn, tí ojú rẹ̀ ń dán, tó ń bú òun.

"Ó tó!" ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Gbogbo yín, ẹ wọlé. Dírẹ́bà, wá."

Kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù. Nígbà tí mo fi padà wá, wọ́n ti fi kún oògùn rẹ̀, wọ́n sì ti dá orin dúró ní wọ́ọ̀dù náà. Ọ̀rọ̀ ilé ńkọ́? Ó di ẹ̀yìn.

Mo bá a lórí ibùsùn, ahọ́n rẹ̀ wúwo.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ba ọ̀rọ̀ ilé jẹ́, àbí?"

"O ò ba nǹkan kan jẹ́."

"Wọn ò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Bàtà náà ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu."

"Kí ló fẹ́ sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, pẹ̀lú bí ojú rẹ̀ ṣe wúwo tó. "A kì í fẹnu lásán sọ ẹ̀fẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

Mo dé ilé, mo ròyìn fún ìyàwó mi. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́, kò gbé orí sókè. Ó ní, "Mátírọ́ọ̀nù jàre. Ṣé orin kọ́ ló gbé e lọ nígbà yẹn? Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún wá pè wá lójú títì?" Mo wọ yàrá aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò tíì sùn sí. Mo ń bi ara mi pé, orin ti ìgbà yẹn àti orin ti ìsinsìnyí, kí ni ìyàtọ̀ wọn? Àbí ìfẹ́ tí mo ní sí i ló ń tàn mí? Mo rò ó títí. Bí ẹni gbọ́ ìpè ni mo ṣe dìde gìrì. Ìgbà yẹn, ta ló gbè é? Kò sẹ́ni!

Mi ò dúró jẹun dáadáa láàárọ̀ kí n tó gun ọ̀kadà. Mo bá dókítà àti Mátírọ́ọ̀nù ní ọ́fíìsì, Àǹtí Olórin náà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo kí wọn, wọ́n fún mi ní àga.

Mátírọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Nígbà tí orin bá tán, ẹ̀yin á lọ sílé yín. Èmi ni mo máa ń wà níbí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. Mo ti rí ẹni tó fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, tó fi orí fọ́ fèrèsé parí ẹ̀. Ẹni tí ara ẹ̀ ń balẹ̀, ṣé á máa fi bàtà èèyàn kọrin ni?"

Mo ní, "Ìyá, nílé wa, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀ kò lè ṣe é."

"Báwo?"

"Ẹni tó ń kọ ẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, kó tó lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ègbè. Nígbà tí àìsàn gbé àbúrò mi lọ, kò sí ègbè nínú orin ẹ̀. Àwa ń pariwo pé ó tó, kò gbọ́. Ẹ jẹ́ kó kọrin lójú yín. Èmi ni màá ṣe olórí ègbè. Níbi tó bá ti dùn jù, màá ṣí fìlà, gbogbo wa á dákẹ́. Bó bá kọjá ibẹ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo, mi ò tún ní dárúkọ ilé fún yín mọ́."

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. Àǹtí Olórin ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ ká tan ènìyàn jẹ o."

"Kì í ṣe ẹ̀tàn. Láti kékeré ló ti mọ òfin. Ìgbà tí a máa dákẹ́ nìkan ni kò mọ̀, olórin kankan ò sì mọ ìyẹn rí."

Dókítà ní òun fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí á fi orin mìíràn dán an wò, kó má kan Mátírọ́ọ̀nù. Obìnrin náà gbọn orí. "Rárá o. Tèmi gan-an ni kó kọ. Kí ni màá wá gbọ́ nínú orin ẹ̀wà?" Mo wò ó. Mo ní nínú ọkàn mi, obìnrin yìí ì bá ṣe ọmọ Yewa.

Ọjọ́bọ̀ pé. Wọ́n kó bẹ́ńṣì sí abẹ́ máńgòrò. Ìyá Tíṣà ti to kíláàsì rẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì wà níkàlẹ̀. Dókítà dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, Mátírọ́ọ̀nù ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó di apá mọ́ra. Àbúrò mi jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀. Nígbà tó rí Mátírọ́ọ̀nù, ó fẹ́ padà. Obìnrin náà ní, "Dírẹ́bà, máa bọ̀. Bàtà mi wà níbí."

Ó kúnlẹ̀. Ó júbà fún dókítà, ó júbà fún Mátírọ́ọ̀nù, ó pè é ní ìyá. Ohùn rẹ̀ wúwo ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ègbè dá a lóhùn, háà, ó mú iná! Bọ́kẹ́ẹ̀tì gbà á, àwo irin gbà á. Ó kọ ti aṣọ títún ṣe, ó kọ ti ẹni tó ń hanrun lójúfò, ó kọ ti oògùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan fi ẹ̀wù bo ẹnu. Ara gbogbo wa ti yá gágá. Ó wá gbé ìlà tuntun kan tí a kò gbọ́ rí:

"Lọ́jọ́ òjò, bàtà yìí rì sínú ẹrẹ̀, ó ké sí mi, ó ní kí n gbọ́!"

"Kò-kò-kà, ó ti dé!"

"Mo súnmọ́ ọn, mo dẹ etí sí i, bàtà ní, ó ní..."

Mo ṣí fìlà.

Ègbè kú pi. Ọwọ́ Ìyá Tíṣà dúró sókè pẹ̀lú ṣíbí. Lákòókò náà gan-an, bí ẹni pé ọ̀tá rán an, tírélà kan fọn fèrè lójú títì, fàà, fèrè gígùn tó mi ewé máńgòrò. Mo rí i tí àbúrò mi yíjú síbẹ̀. Mo di fìlà mú bí ẹni di okùn kànga mú. Mo rí Mátírọ́ọ̀nù tó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Àbúrò mi gbọ́ fèrè náà títí ó fi kọjá. Ó yíjú padà sí wa. Ẹnu rẹ̀ ṣì là, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, gbogbo wa ló rí i pé ó wà níbẹ̀. Ó wo ègbè, láti orí bẹ́ńṣì dé orí bẹ́ńṣì. Ó pa ẹnu dé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Mátírọ́ọ̀nù, ó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó lọ jókòó.

Dókítà wò mí, ó rọra mi orí. Ó yẹ kí inú mi dùn, inú mi sì dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lẹ́nu, mo sì rí i lójú gbogbo èèyàn pé ó ń jẹ àwọn náà. A kò mọ ohun tí bàtà sọ!

Mátírọ́ọ̀nù tú apá ká. Ó wo bàtà rẹ̀. Ó wo àbúrò mi.

"Ó ní kí ni?"

"Mà?"

"Bàtà mi! Ó ké sí ẹ, o dẹ etí. Kí ló sọ? Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ fi mí sílẹ̀ rèé?"

Ẹ̀rín bẹ́ lábẹ́ máńgòrò bí ẹni ju ìṣáná sóko gbígbẹ. Àbúrò mi kò dìde. Èmi ló kọ́kọ́ wò, olórí ègbè. Mo dé fìlà mi padà. Nígbà náà ló tó gbé e, ní pẹ̀lẹ́:

"Bàtà ní, ẹsẹ̀ tó gbé mi ni mò ń káàánú. Kì í jókòó, kì í sinmi. Ó ń rìn kiri kí ọmọ ọlọ́mọ lè rí oorun sùn."

"Kò-kò-kà," la wí, ṣùgbọ́n a kò pariwo rẹ̀, "ó ti dé."

Mátírọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ tún okùn bàtà ṣe. Bàtà náà kò lókùn. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní, "Àwọn ará Yewa! Ẹ mọ èèyàn bú o!" Ó sì yíjú sí dókítà. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n kó máa padà wá ní Ọjọ́bọ̀, torí èmi ò mọ ẹni tó máa sọ fún alásè pé iyọ̀ ti pọ̀ jù."

Ọjọ́ àlejò ni mo mú un bọ̀ wálé, òun lẹ́yìn ọlọ́kadà, èmi lẹ́yìn tiẹ̀ lórí ọ̀kadà kan náà, àpò oògùn ní àyà mi. Ìyàwó mi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbọ́ oúnjẹ fún un, ó bu omi, ó dúró tì í títí ó fi gbé oògùn mì, ó ní kó la ẹnu, kó gbé ahọ́n sókè. Ó gbé e sókè, ó fi Faransé rẹ̀ dúpẹ́, ó ní, "Mẹ̀sí, ìyàwó wa." Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó kó àwo wọ ilé ìdáná.

Oòrùn ń wọ̀, àwa méjèèjì jókòó ní àgbàlá. Ewúrẹ́ wa kọjá níwájú wa, ó ń yan, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣì jẹ́ ojú ọ̀run. Mo rí i tí àbúrò mi ń fi ojú bá a lọ. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀. Ariwo àwo dáwọ́ dúró nínú ilé ìdáná.

"Ìbà ẹ̀gbọ́n mi tó kun yàrá, tó ní kí n wá sùn! Ẹ gbè é pé, ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé."

Kí ni kí n ṣe? Òfin ni. Ẹni tí wọ́n fi kọrin kò gbọdọ̀ bínú. Mo la ohùn ilẹ̀kùn mi. "Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé!"

"Ó fi ọ̀dà tútù sílẹ̀, ó lọ dojú kọ iyán!"

"Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé!"

"Mo bi ewúrẹ́ pé ṣé yàrá náà dára, ó ní, ìrọ̀rí nìkan ló kù!"

Ẹ̀rín mú mi. Ẹ̀rín tó mú mi lọ́jọ́ náà, mi ò lè mí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé mo fẹ́ gbè é. Ègbè já lẹ́nu mi. Àbúrò mi dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wò mí, ó ń dúró.

Láti ilé ìdáná, ohùn kan tí mi ò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ dáhùn dípò mi.

"Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé!"